Ìka Méjì Tí Mo Gbé Lọ sí Chennai

Láti ọjọ́ tí a ti padà dé sí Kabba, kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí kò bi mí léèrè nípa ọkọ̀ òfurufú. Ṣé ó ń mì? Ṣé wọ́n ń fún èèyàn lóúnjẹ? Ṣé lóòótọ́ ni etí máa ń dí? Mo ti dáhùn títí ó fi sú mi. Ó mì, wọ́n fún wa lóúnjẹ, etí dí, ó sì là. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín: bí mo ṣe gbé tépù aránṣọ lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, àti bí ìka ọwọ́ mi méjì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun tí a torí rẹ̀ lọ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ mí mọ̀ mí. Aránṣọ ni mí, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń jókòó nídìí ẹ̀rọ. Mo ka ìwé girama jáde, ohun tó sì wù mí jù níbẹ̀ ni rúlà. Bí oníbàárà bá sọ fún mi pé aṣọ òun gùn díẹ̀, mà á bi í pé ínǹṣì mélòó ni "díẹ̀". Ọkọ mi, tó ń kọ́ni ní Mopa, máa ń sọ pé ìyàwó òun kò lè sunkún kó má ka omijé rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ gbéra, àdúrà tó gbà fún wa kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ìyá Tinú, jọ̀ọ́, má lọ fi tépù dójú tì wá."

Tinú ni àkọ́bí wa, ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó wà nílé ìwé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lu ihò kejì sí etí òsì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mi ni wọ́n fi lù ú, nọ́ńbà mẹ́rìnlá, èyí tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wá. Ihò náà jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ó ń wú. Kílọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é: àpá tó ń dàgbà bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀mejì, ó padà lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ń bọ̀ sì máa ń tóbi ju èyí tó lọ. Èmi náà kò dákẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, mà á pe Tinú, mà á wọn etí. Ó wà nínú ìwé ìwọ̀n mi títí dòní, lábẹ́ ṣòkòtò olóyè kan: "Etí Tinú, sẹ̀ntímítà mẹ́ta àti ààbọ̀."

Ọmọ náà fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, nítorí pé níbi tí wọ́n ń to ohùn rẹ̀ sí, etí òsì ló máa ń kọ sí ìjọ. Ó ń wé gèlè nínú ooru. Dókítà tó rán wa lọ sí Chennai, ní Íńdíà, wá sọ ọ́ fún wa láìfi ohunkóhun bò: wọn yóò gé e lẹ́ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ náà gan-an wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìtànṣán ẹ́síréè sí ojú ọgbẹ́, irú èyí tí agbára rẹ̀ mọ sí ìtòsí awọ. Ọjọ́ mẹ́ta léra, kí gbòǹgbò ohun náà tó jí. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó ṣọ̀wọ́n kó padà. Ṣùgbọ́n bó bá padà lẹ́ẹ̀kẹta, etí fúnra rẹ̀ ni wọn yóò máa gé, nítorí kò ní sí awọ tó kù láti fi rán an.

Ìdí tí a fi lọ nìyẹn.

Ẹnu ibodè

Ọ̀gbẹ́ni aṣọ́bodè tú àpò mi. Ó rí tépù méjì, ṣọ́ọ̀kì aránṣọ, rílì òwú mẹ́ta àti àpò ọ̀rá tí mo di èlùbọ́ sí.

"Kí ni èyí?"

"Oúnjẹ ni, sà."

Ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó sì sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní pẹ̀lẹ́. Ó wá mi orí sí mi. Kì í ṣe bí a ṣe ń mi orí nílé fún bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bí a ṣe ń mi í fún rárá. Orí náà kàn ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, bí igbá tó léfòó lórí omi. Mo dúró. Ó tún fì í.

"Ìyé," ni Tinú wí, bí a ṣe ń pe ìyá ní tiwa, "bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ. Ẹ gbé àpò."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ wo ẹ̀yìn wa."

Mo wo ẹ̀yìn. Bí ogójì èèyàn ló ń wo èlùbọ́ mi. Mo gbé àpò.

Ooru tó pàdé wa níta jọ ti Lọ́kọ́ja nínú oṣù kẹta, nítorí náà ara mi balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó balẹ̀ tán ni ìkíni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé, bí mo bá ní "Okun o," ẹni tí mo kí kò ní jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ní Chennai mo kí onímọ́tò, mo kí obìnrin tó ń ta òdòdó tí wọ́n ń fi sínú irun, mo kí màlúù kan pàápàá, tó dúró sáàárín títì bí alága ìpàdé. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn, màlúù kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Baba arúgbó tó ń ṣọ́ géètì ilé tí a wọ̀ sí nìkan ló gbé mi níyì: ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí n tó la ẹnu, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Okun, Amma!" Ìyá ni Amma ní èdè wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èlùbọ́ ta á lọ́rẹ.

Ewé àti omi

Oúnjẹ wọn kò bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní ohun funfun roboto kan tí wọ́n ń fi ooru omi sè. Bí mo ti fi í sẹ́nu ni mo ní ẹ̀kuru nìyí, ẹ̀kuru tó lọ sílé ìwé. Wọ́n ń da wàrà kíkan sí ìrẹsì, bí àwọn Fúlàní bá rí i inú wọn yóò dùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, bíi tiwa, ojú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e sí.

Ewé yìí ló kó wa sí wàhálà. Ọkùnrin kan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọbẹ̀ kọjá, ó bu sí i. Mo jẹ ẹ́. Ó tún bu sí i. Ẹni tí a tọ́ dáadáa kì í jẹ kù lójú ẹni tó gbà á lálejò, mo bá tún jẹ ẹ́. Nígbà tó bu ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ti ń mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun òkè. Obìnrin kan ní tábìlì kejì ló ṣàánú mi. Ó na ọwọ́, ó ká ewé mi sí méjì. Ọkùnrin náà kọjá lọ láìwo ojú mi mọ́. Àṣé ẹni tí kò bá tíì ká ewé rẹ̀, kò tíì yó nìyẹn.

"Ẹ̀ẹ̀karùn-ún!" ni Tinú ń sọ. "Ìyé, ẹ tún ń kà á."

Omi sì tún ni tiwọn. Ẹnu wọn kì í kan ife. Wọn a gbé orí sẹ́yìn, wọn a gbé ife sókè bí ínǹṣì mẹ́rin, omi a sì máa já bọ́ sí ọ̀fun láìta sílẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀. Bùbá mi ni omi náà mu.

Ní ti aṣọ, àlàfo kò sí níbẹ̀ rárá. Bùláòsì tí àwọn obìnrin wọn ń wọ̀ sábẹ́ sárì, aṣọ gígùn tí wọ́n ń wé mọ́ra, lẹ̀ mọ́ ara bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí dùn mí gan-an. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìsánlú fi rúlà na ọwọ́ mi títí mo fi mọ òfin kan: kí a tó pe ìwọ̀n, ìka méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín tépù àti ara. "Ara gbọ́dọ̀ mí," ni ọ̀gá mi máa ń wí. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni. Tèmi jẹ́ sẹ̀ntímítà mẹ́ta nígbà tí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ti wọ̀n wọ́n. Mo ń wo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ní títì, mo ń sọ fún Tinú pé àwọn aránṣọ ìlú yìí ń pààyàn. Omi ni wọ́n ń fi àlàfo sí, wọn kò fi sí aṣọ.

"Mílímítà mélòó?"

Dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ó ṣàlàyé fún Tinú, Tinú sì fọwọ́ síwèé. Ọmọ ogún ọdún, òun ni wọ́n bi, wọn kò bi mí. Mo dúró kí ó parí, mo wá béèrè tèmi: ìtànṣán yìí, báwo ló ṣe ń wọlé tó? Ẹ̀yìn etí, orí ni. Inú orí, ọpọlọ ni.

"Kò wọlé jìnnà, Amma."

"Kò jìnnà tó mílímítà mélòó?"

Ó fì orí bí igbá. Mo tún béèrè. Ó fì í lẹ́ẹ̀kejì, ó wá gbé fóònù, ó sì pe Mínà.

Mínà kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wọn iye ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tú jáde kí ẹnikẹ́ni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kékeré ni, ó wọ sárì aláwọ̀ ewé. Bùláòsì rẹ̀ kò ní àyè fún ìka kan, ká má tíì sọ méjì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń sáré, ṣùgbọ́n mo ń bá a.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ mọ bó ṣe ń wọlé tó. Ibi mélòó lẹ fẹ́ mọ̀?"

"Mílímítà kọ̀ọ̀kan," ni mo wí.

Ojú rẹ̀ tàn bíi ti aránṣọ tí wọ́n tẹ́ léèsì tuntun síwájú rẹ̀. "Kò sí òbí tó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ẹ padà wá lọ́sàn-án, nígbà tí aláìsàn bá tán. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n lónìí."

Mo padà lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ náà ní apá gígùn kan, ní ìkángun apá náà ni nǹkan bí ife onírin tí kò ní ìdí wà. Ẹnu ife yìí ni wọ́n ń gbé kan ara. Ó ní láti ibi tí ìtànṣán ti ń jáde dé ẹnu rẹ̀, ogún sẹ̀ntímítà péré ni. Ó kó àwọn ike pẹlẹbẹ jáde, àwọn kan nípọn tó mílímítà kan, àwọn kan márùn-ún, àwọn kan sẹ̀ntímítà kan. Ó ní ìtànṣán kì í mọ ìyàtọ̀ ike yìí sí ẹran ara. Mo fi tépù wọn ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú irin ìwọ̀n tirẹ̀ wá, ó sì tún un wọ̀n. Tépù mi kò purọ́.

Nínú ike kan ni ohun kékeré kan wà, kò ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, wáyà sì so ó mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ka iye ìtànṣán ní yàrá kejì. Mínà kọ́kọ́ gbé ẹnu ife lé bọ́tìnnì náà láìsí ohunkóhun láàárín wọn. A jáde, ilẹ̀kùn ńlá pa dé, ó tan ẹ̀rọ. Ó ní kí a pe iye tó jáde ní ọgọ́rùn-ún. A wọlé, ó kó mílímítà márùn-ún ike lé bọ́tìnnì lórí, ó gbé ife kàn án, a jáde. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Nígbà tó di sẹ̀ntímítà kan, ó bọ́ sí mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ní sẹ̀ntímítà méjì, mẹ́tàlélógójì. Báyìí ni a ń wọlé tí a ń jáde, òun ń kó ike, èmi ń kọ̀wé, títí ẹsẹ̀ fi ń ro àwa méjèèjì.

Ó yé mi bí aṣọ ṣe ń yé mi. Ẹ kó aṣọ léra wọn níta nígbà tí òjò bá ń rọ̀: èyí tó wà lókè yóò rin gbingbin, èyí tó tẹ̀ lé e yóò rin díẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yóò kàn tutù lọ́wọ́. Òkè ni òjò ń ná agbára rẹ̀ sí.

"Ṣùgbọ́n ó tutù lọ́wọ́ síbẹ̀," ni mo wí. "Ọpọlọ ọmọ mi ló wà nísàlẹ̀."

Mínà fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú òjé pẹlẹbẹ jáde. "Èyí ni yóò wà lẹ́yìn etí rẹ̀." Ó tẹ́ ẹ lé bọ́tìnnì, ó tan ẹ̀rọ. Iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú òdo. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mo ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Amma, èmi náà ní ọmọ," ni ó wí, ó sì tún un ṣe.

Ká ní mo ti fi ọkàn balẹ̀ níbẹ̀, ìwé yìí ì bá parí.

Ohun tí mo sọ létí

Wọ́n gé kílọ́ìdì náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án wọ́n gbé Tinú wá sí yàrá ẹ̀rọ, ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, òwú tí wọ́n fi rán an ṣì ń dán. Iṣẹ́ aránṣọ náà dára, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mínà ti òjé sẹ́yìn etí, ó fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bo ọgbẹ́, ó wá gbé ẹnu ife irin náà wálẹ̀ títí ó fi kàn án. Tinú pa ojú dé, ó fa èémí sínú.

Irin, lórí ọgbẹ́ wákàtí mẹ́rin! Ọwọ́ ọ̀gá mi ní Ìsánlú ni mo rí: ara gbọ́dọ̀ mí. Wọ́n ní kí n jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún aṣọ ìbora ṣe, mo sì sọ ọ́ létí Tinú ní ohùn Owé wa, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́, àfi bí ẹni pé ẹnìkan wà ní Chennai tó ń gbọ́ Owé. Mo ní bí a bá ti jáde, kí ó rọra fa orí sẹ́yìn. Ìka méjì péré.

A jáde. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri tó ń fi Tinú hàn wá. Mínà fẹ́ tan ẹ̀rọ, ó rí i pé orí ti sún sẹ́yìn, ó sì dúró. Ó wọlé, ó tún ife gbé kàn án, ó jáde. Tinú tún fà sẹ́yìn. Ọmọ tí mo tọ́ dáadáa ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, Mínà mú mi lọ́wọ́, a jọ wọlé.

"Tinú, ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí o fi ń sún?"

Tinú la ojú òsì, ó wò mí, ó sì tún un pa dé. "Ìyá mi ló ní kí n sún."

Mo ti bímọ, mo ti sìnkú, mo ti rán aṣọ ìyàwó tó já níwájú pásítọ̀. Ilẹ̀ kò tíì sọ pé òun fẹ́ gbé mi mì tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mínà kò pariwo. "Amma, ìka mélòó?"

"Méjì."

"Ẹ mú wọn wá."

Ó ní kí Tinú dìde, kó lọ dúró síta díẹ̀. Ó tẹ́ bọ́tìnnì sílẹ̀, ó to ìka mi méjì léra wọn lórí rẹ̀, ó gbé ife kan ìka mi, ó wá ní kí n yọ wọ́n kúrò, òun kò tíì rí ìwé tí dókítà fi ní kí a tọ́jú ìka. A jáde, ó tan ẹ̀rọ, ó sì yí ojú ẹ̀rọ tó ń ka iye sí mi kí n fúnra mi kà á.

Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. "Mẹ́rìnlélógún ti lọ," ni mo wí. "Níbo ló lọ?"

"Ó fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́. Àlàfo yín kò gba ọpọlọ là, òjé ti ń ṣe ìyẹn. Ohun tí ẹ ń gbà là ni kílọ́ìdì."

Tinú ti gbọ́ wa láti ẹnu ilẹ̀kùn. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó kàn na ìka méjì sókè sí mi, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti padà, Ìyé."

Mínà wá fa apá bùláòsì rẹ̀, ó sì jẹ́ kó ta padà mọ́ra. "Ẹ ti ń wo èyí láti àná. Mo rí ojú yín."

"Ó fún jù," ni mo wí. Ẹnu mi kò lè gbà á mọ́ra, àní nígbà yẹn.

"Ó yẹ kó fún. Sárì ló ń mí, Amma. Iṣẹ́ èyí ni kó fara mọ́ ara."

Òwú pupa

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́: kí n fi ọwọ́ mi mọ̀ pé kò sí àlàfo. Mo ti ń dá àlàfo sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, kò sí ẹni tó lè fi èyí tí kò sí hàn mí lẹ́nu. Ó ronú, ó sì gbà. Tinú dùbúlẹ̀, òjé bọ́ sáyè rẹ̀, ife kan ọ̀rá. Mo já òwú pupa láti inú rílì mi, mo tì í sábẹ́ etí ife níbi tí kò ti kan ọgbẹ́, mo sì gbìyànjú láti fà á kọjá. Kò lọ. Mo gbìyànjú apá kejì. Kò lọ.

"Kò sí àyè," ni mo wí.

"Ẹ sọ fún un."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí ọ̀tún rẹ̀, èyí tí kò ní àpá. "Tinú, má sún. Àní bí ó bá ń dùn ẹ́."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n."

Ó fi ojú pípadé rẹ́rìn-ín. "Ìyé, ẹ jáde o. Ẹ̀yin lẹ ń dá iṣẹ́ dúró."

Mo jáde. Ilẹ̀kùn pa dé. Lójú tẹlifíṣọ̀n, orí ọmọ mi kò yẹ̀. Àádọ́rin ìṣẹ́jú àáyá ni Mínà ní yóò gbà, èmi ka mọ́kànléláàádọ́rin, mo sì sọ fún un. Ó ní èmi ni mo sáré kà. Ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, a fa òwú, òwú kò lọ, mo jáde láìjẹ́ pé wọ́n lé mi.

Ọjọ́ kìíní oṣù

Kí a tó kúrò, mo fi ọwọ́ rán bùláòsì kan fún Mínà, ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo sì fi ìka méjì rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ nígbà tí a délé. Ó wọ̀ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ó ti gbé e fún aránṣọ tirẹ̀, wọ́n ti gbà á wọlé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èmi kò bá a wí.

Oṣù kọkànlá rèé tí a ti dé. Tinú ti padà sí ẹgbẹ́ akọrin, ó sì dúró sí ibi tí etí òsì ti kọ sí ìjọ, èmi kì í gbọ́ orin, etí ni mò ń wò. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, bí ojú abẹ́rẹ́ tí a fi ọwọ́ rán tí a sì lọ̀ dáadáa.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí, ó wọ ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé mo pè é, ó jókòó, ó sì tú gèlè. Oníbàárà kan láti Odò-Àpẹ́ wà níbẹ̀ tó ń dúró de síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo mú tépù. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí náà pẹrẹsẹ, mi ò fi ìka kankan sílẹ̀.

"Mélòó, Ìyé?"

"Òdo."

"Ẹ tún un wọ̀n."

Mo tún un wọ̀n.